Ọkọ̀ Funfun Tó Ń Kí Bàbá

"N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ló pa bàbá rẹ̀."

Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ yìí dúró láàrin pálọ̀ ilé àna rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ẹni tó ń kéde àkókò ọkọ̀ òfurufú. Obìnrin tó ń bá wí jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń wolẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀ o. Nínú ilé yìí, ẹni tó ń ké "olè" jù lọ ni ẹrù olè wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ dè.

"Ṣé o mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò Bàbá tó kú náà. Ogójì ọdún ló fi tọ́jú aláìsàn kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó tún ń pè é ní orúkọ mìíràn nínú ẹbí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ta ló fa wáyà ibi tí ọkọ̀ funfun ti ń gba cháàjì? Òun ni. Ta ló ń rọ Bàbá pé funfun dára ju dúdú lọ? Òun náà ni. Inú ọkọ̀ funfun la ti bá òkú Bàbá, wáyà ṣì wà nídìí rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ohùn ta ló ń kí òkú láràárọ̀ nínú ọgbà yẹn?"

Gbogbo wọn ló mọ ohùn náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Bàbá ló ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò ńlá: àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ìyàwó ọ̀ṣìngín tó fẹ́ dé ibi ìgbéyàwó bí ọmọ ọba, àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọn kò fẹ́ kí òógùn kan aṣọ. Ilé rẹ̀ àti ọgbà ọkọ̀ wà nínú ògiri kan náà. Nígbà tó yá, Bàbá ní òun yóò ta àwọn ọkọ̀ elépo, òun yóò ra méjìlá tó ń lo iná. Oníṣòwò méjì bá gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wá kó fi dán an wò. Ọ̀kan funfun báláú, imú rẹ̀ gùn, àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Lékeléke. Èkejì dúdú, ó ń dán bí ẹni tó fi òróró para, wọ́n sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni méjèèjì. Wọn kì í hó, wọn kì í rú èéfín. Tí wọ́n bá dé ẹ̀yìn rẹ, àfi kó o ṣàdédé rí òjìji wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ.

Ọgbà pín sí méjì bí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ní ìjókòó Lékeléke lè mú kí ẹni tó jẹ gbèsè sùn lọ. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ ká dé orí òkè, ká wá wo ẹni tó máa kọ́kọ́ mí hẹlẹ. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó ń wa funfun lónìí, ó ń wa dúdú lọ́la, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Oníwáyà, nítorí iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló kọ́, kò sì sí ọkọ̀ tó máa kú tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní jí. Lékeléke ló fẹ́ràn, kò sì fi pamọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá tó ń darí àwọn awakọ̀, Onítáì ni ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé bó bá fẹ́ wẹ̀, táì ni yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé oníṣòwò Adúmáadán ti ṣèlérí fún un: bí Bàbá bá ra méjìlá dúdú, òun ni wọn yóò sọ di aṣojú wọn ní gbogbo ìlú náà. Ẹnì kẹta nínú ilé ni Jẹ́jẹ́, àbúrò Oníwáyà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Oníwáyà ló ti dàgbà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ náà ni ejò fi ń gun àgbọn.

Bàbá ní kí wọ́n fi ohùn Oníwáyà sínú Lékeléke kó máa kí òun láàárọ̀. Ó ní, "Kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ mi kí n tó gbọ́ ariwo ayé." Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, bí Bàbá bá ti sún mọ́ ọn, ọkọ̀ á lajú, ìjókòó á sún sẹ́yìn nítorí ẹsẹ̀ Bàbá gùn, ohùn Oníwáyà á sì ní: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Bátìrì ti kún. Níbo là ń lọ lónìí?"

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Onítáì figbe ta nínú ọgbà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Bàbá jókòó nídìí ọkọ̀ funfun, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ ti ń tutù. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, Oníwáyà dúró lójú fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lù. Iná iwájú ọkọ̀ funfun là, ó rọra là bí ojú ẹni tó jí lójú oorun. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà síta. Ìjókòó awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, díẹ̀ díẹ̀, títí tó fi fi àyè ẹsẹ̀ gígùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Bátìrì ti kún. Níbo là ń lọ lónìí?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Oníwáyà. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń dúró de èsì. Èsì kò dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ pajú dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn awakọ̀ kò gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́. Onítáì kó lọ sí yàrá mìíràn, kò jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ ọ́ sétí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé iná ìyàwó òun ló gbé Bàbá. Ìgbà méje ni Oníwáyà tú àpótí cháàjì, tó fọwọ́ kan wáyà níkọ̀ọ̀kan, tó tún wọ̀n ọ́n. Kò rí àléébù kankan. Ní òwúrọ̀ kan ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà, sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó òfìfo. Nígbà tí ohùn rẹ̀ kí Bàbá tán, òun náà bi í léèrè pé, "Bàbá, ṣé wáyà mi ni?" Ẹ wo obìnrin tí kò dẹ́ṣẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lọ́wọ́ ìjókòó.

Òun ló jókòó sórí àpótí lónìí yìí, tí ọkọ rẹ̀ dúró tì í lórí.

"Nítorí náà," ni Onítáì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ni ọkọ̀ funfun á wá gbé e. Wọ́n á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tún fi han oníbàárà mìíràn. Lọ́jọ́ Ajé, a ó bọwọ́ lùwé fún méjìlá dúdú. Ní ti ìyàwó mi, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. N kò lè máa bá apànìyàn gbé."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà fún wọn kí Bàbá lè sinmi. Èmi ni mo bẹ̀ yín." Ó nu omijé tí kò sí lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Oníwáyà wí.

Nígbà tí wọ́n túká, Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó sin ín. Iná tó bá pa ènìyàn sábà máa ń fi àpá sílẹ̀ lára. N kò rí àpá iná kankan. Ọkàn rẹ̀ tó ti ń dà á láàmú tipẹ́ ló pa á."

"Ta ló wá ń jí ọkọ̀, Mà?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Òkú kì í tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ rí ọ, ojú àlá ni yóò gbà, kò ní gba inú bátìrì. O mọ iṣẹ́ rẹ kí ìbànújẹ́ tó dé. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Oníwáyà lára bí omi tútù. Ó fa ìjókòó wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ funfun lọ́sàn-án gangan, ó so ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ náà bá mọ fóònù rẹ̀ lè jí i láti orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n fóònù méjì péré ló rò pé ó mọ̀: tirẹ̀, àti ti Bàbá, èyí tí Onítáì sọ pé ó sọnù lọ́jọ́ ikú. Ó ṣí ibi tí orúkọ wọn wà. Mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Orúkọ kẹta ni Jẹ́jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ keje lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù Bàbá tí wọ́n ní ó sọnù ni wọ́n sì fi ṣe é.

Oníwáyà tún orúkọ náà kà. Ọmọ tí òun pọ̀n.

Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan mìíràn. Ọkọ̀ yìí ní kámẹ́rà mẹ́rin níta àti ẹyọ kan nínú. Bó bá dúró tí ènìyàn sún mọ́ ọn, á máa wò ó, á sì fi ohun tó bá rí pamọ́. Ó wá ọjọ́ Àìkú yẹn kàn. Ó wò ó dópin. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wò ó pẹ̀lú. Oníwáyà dìde, ó fara ti ògiri.

"Má sọ̀rọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Fi pamọ́ síbi mẹ́ta. Ó di Sátidé."

Lọ́jọ́ Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán, gbogbo ènìyàn péjọ sínú ọgbà. Ẹni tó wá gbé ọkọ̀ funfun wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tò ti ògiri. Onítáì so táì pupa tuntun. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

"Kó tó lọ," ni Oníwáyà wí, "ẹ jẹ́ kó kí wa pé ó dàbọ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí síkírìnì rẹ̀ ńlá síta. "Jẹ́jẹ́, kí ni orúkọ rẹ ń ṣe níbí?"

Ojú Jẹ́jẹ́ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣìṣe ni..."

"Fóònù rẹ ló ń jí ọkọ̀ yìí láàárọ̀. Ogójì ọjọ́ lo fi ń fi ohùn mi pe òkú. Mo ń sunkún lójú fèrèsé, o ń wò mí."

"Wọ́n ní... wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bẹ̀rù ọkọ̀ náà ni. Wọ́n ní kò ní pa yín lára."

"Àwọn wo?"

Jẹ́jẹ́ wo Onítáì. Onítáì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eré ọmọdé lásán. Ṣé torí fóònù la ṣe máa sọ pé kì í ṣe iná ló pa Bàbá?"

"Rárá," ni Oníwáyà fèsì. "Nítorí èyí ni."

Ó tẹ síkírìnì.

Àwòrán náà kò ní ohùn. Bàbá ló wà nídìí ọkọ̀, ọwọ́ kan lórí àyà, èkejì ń nà sí ihò kékeré tó wà níwájú níbi tí ìgò oògùn rẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì ṣí, Onítáì sì yọjú. Ojú Bàbá mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó rí olùgbàlà, ó sì nawọ́ sí ihò náà. Onítáì ṣí i. Ó mú ìgò oògùn, ó wò ó, ó wo Bàbá. Ètè Bàbá mì. Onítáì fi ìgò náà sínú àpò kóòtù. Ó wo dígí ọkọ̀, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì kọjá lójú aago tó wà lábẹ́ àwòrán náà kó tó padà wá, tó ya ẹnu tó ń ké.

Ìwọ̀nyí ni awakọ̀ tó ti rí jàǹbá lójú ọ̀nà, tí wọ́n ti fa ènìyàn jáde lábẹ́ irin, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò rọ̀ mọ́. "O ní o dé ibẹ̀, o bá a tó ti tutù. O ní ọkàn rẹ̀ ló dá dúró. O ní o máa fẹ́ mi bí ilé yìí bá ti dọwọ́ rẹ. O ò sọ fún mi pé o ti wo bàbá mi títí tó fi kú."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni gbọ́ tó pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ". Kò sí àlàyé tí wọ́n tún ń bèèrè. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló ti ń jẹ ẹ́.

"Irọ́ ni," ni Onítáì wí. "Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe àwòrán yẹn. Ṣé ẹ ò mọ ìyàwó mi?" Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti fa géètì pa, ó sì fara tì í.

Oníwáyà rìn lọ bá ọkọ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò na ìka sí i.

"Bàbá sọ nǹkan kan fún yín. Mo rí ètè rẹ̀. Nígbà tí ẹ mú oògùn, kí ló sọ?"

Onítáì wo ilẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ ohùn tí kò lẹ́ni láti ogójì ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó jẹ́ tirẹ̀."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ń jáde fúnra rẹ̀.

"Ó ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.'"

Nọ́ọ̀sì sọ orí mọ́lẹ̀, ó sọkún sókè. Àwọn ọlọ́pàá dé kó tó di aago kan. Fóònù Bàbá ni wọ́n bá nínú páálí bàtà Onítáì, ìgò oògùn náà sì wà nínú àpò kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí kò wọ̀ mọ́, tí kò sì láyà láti sọ nù. Bí wọ́n ti ń tì í wọ ọkọ̀, táì pupa há sí ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá kan sì fi ọ̀bẹ gé e dànù.

Jẹ́jẹ́ wólẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"N kò ní gbé ọ ṣépè," ni Oníwáyà wí fún un. "Ẹ̀yìn mi ló gbé ọ rí. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Máa lọ."

Ó lọ. Ó sọ ohun gbogbo tó mọ̀ fún ilé-ẹjọ́, nítorí ìyẹn ni wọn kò fi fi í sẹ́wọ̀n. Yàrá kan ló gbà sí òpópónà kan tó jìnnà, ibi tí kò sí ọkọ̀ kankan. Àwọn tó bá a gbé ilé sọ pé bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá ti lù láàárọ̀, á ṣàdédé dìde jókòó, á tẹ́tí sílẹ̀, á sì bi wọ́n bóyá àwọn náà gbọ́ ẹnì kan tó ń kí ènìyàn.

Wọ́n rán Onítáì lẹ́wọ̀n gbére.

Àwọn awakọ̀ sọ pé Oníwáyà ni ọ̀gá nísinsìnyí, kó tètè ra Lékeléke méjìlá. Wọ́n ní ọkọ̀ tó jẹ́rìí òdodo ni, ti dúdú náà sì jẹ́ ọkọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Òun náà ti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó fẹ́ bọwọ́ lùwé ni obìnrin tó ń tẹ̀wé fún Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tuntun ló ti lọ bí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ tó ti tì láti oṣù mẹ́fà, ó sì mú ìwé kan wá.

"Bàbá fún mi ní ìwé yìí kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ìrọbí sì mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ forí jì mí, Mà."

Oníwáyà kà á lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Onítáì jókòó lẹ́yìn irin, ọrùn rẹ̀ òfìfo, ó ti gbẹ. Oníwáyà kò kí i. Ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"'Mo ti wa ọkọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ oòrùn. Lékeléke rọ̀ bí ẹni gun ìkùukùu. Àgbàlagbà á sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tètè rẹ̀ ẹ́ lórí òkè, nígbà tí òjò sì ń rọ̀, ó pẹ́ kó tó dúró ju bí mo ti fẹ́ lọ. Adúmáadán le lára díẹ̀, ó sì ní ìgbéraga. Ṣùgbọ́n bó o bá ní kó dúró, á dúró. Ó ń rìn jìnnà, ó sì ń gba cháàjì yó kí ènìyàn tó jẹun tán. Àwọn awakọ̀ mi lọ́mọ nílé. N kò lè fi ìtura àlejò ra ewu fún wọn. Oníwáyà á bá mi jà, torí funfun ló fẹ́ràn, ṣùgbọ́n yóò gbà bó bá fúnra rẹ̀ wọn bíréèkì wọn. Dúdú ni mo mú. Kí ọkọ ọmọ mi lọ bá àwọn oníṣòwò náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ í sọ.'"

Ó ká ìwé náà.

Onítáì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń retí gbólóhùn kan sí i. "Dúdú?" ló wí. "Ó mú dúdú?"

"Láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ó yin funfun nídìí oúnjẹ lálẹ́ Sátidé. Mo gbọ́ ọ. Ó ní ìjókòó rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́."

"Ìjókòó ló yìn," ni Oníwáyà dáhùn.

Ọkùnrin náà di irin mú. Lẹ́yìn náà ló rọra bá ògiri sọ̀ kalẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ọjọ́: Ẹtì, Sátidé, Àìkú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Ẹtì.

Oníwáyà jáde sínú oòrùn. Ó ti wọn bíréèkì wọn fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òótọ́ ni Bàbá sọ. Ó gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ oníṣòwò lọ, ó sì bọwọ́ lùwé fún Adúmáadán méjìlá.